Odò níwájú, igbó lẹ́yìn: kí ló dé tí ebi fi pa àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Jamestown?

Bàbá Fadékẹ́mi
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ iléèwé ọmọ ló gbé mi wá síbí lálẹ́ yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, Maryland là ń gbé. Wọ́n ní kí wọ́n kọ nǹkan nípa Jamestown ní Virginia, ibùdó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ dó lọ́dún 1607, òun sì ni ibùdó wọn àkọ́kọ́ tí kò pa rẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: kí ló fà á tí ebi fi pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ kọ ọ́ pé "ọ̀lẹ ni wọ́n." Tíṣà fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kò tó. Ó wá bi mí, èmi náà ò sì mọ nǹkan kan ju ọ̀lẹ yẹn lọ. Odò wà níwájú wọn, ẹja wà nínú odò. Igbó wà lẹ́yìn wọn, àgbọ̀nrín wà nínú igbó. Báwo lebi ṣe ń pa èèyàn síbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn, ẹ gbà mí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Jamestown? Ṣebí Accra ló wà? Mo ti jẹ kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín níbẹ̀ rí, kò sí ebi kankan níbẹ̀ o 😂

Tíṣà Àgbà
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn yàtọ̀. Odi James tí kọ́ńpìnnì Gẹ̀ẹ́sì kan kọ́ sí Accra lọ́dún 1673 ni wọ́n fi ń pe àdúgbò yẹn. Ti Virginia ti wà ṣáájú rẹ̀ dáadáa.

Bàbá Fadékẹ́mi, tíṣà ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Àwọn tó lọ síbẹ̀ kì í ṣe àgbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ogun ọba. Virginia Company, kọ́ńpìnnì àwọn oníṣòwò London, ló rán wọn. Ọba James Kìíní fún wọn níwèé àṣẹ lóṣù Kẹrin ọdún 1606, àwọn olówó sì dáwó jọ bí ẹni dá àjọ, wọ́n ń retí èrè: wúrà, ọ̀nà tó gba ibẹ̀ já sí ilẹ̀ Éṣíà, ohunkóhun tó bá ṣáà lè di owó.

Ọkọ̀ mẹ́ta ló gbéra ní London ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá 1606: Susan Constant, Godspeed àti Discovery. Christopher Newport ni ọ̀gá atukọ̀. Wọ́n lé ní oṣù mẹ́rin lójú omi, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jà kí wọ́n tó débẹ̀. John Smith tí gbogbo ayé wá mọ̀ yìí, inú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà, wọ́n ní ó fẹ́ dìtẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o: kọ́ńpìnnì ti kọ orúkọ àwọn tó máa ṣe ìgbìmọ̀ sínú àpótí kan, wọ́n tì í pa, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i àfi tí wọ́n bá gúnlẹ̀. Wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n ṣí i, orúkọ ẹlẹ́wọ̀n wọn wà níbẹ̀.

Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ lóṣù Karùn-ún 1607 jẹ́ 104, ọkùnrin àti ọmọdékùnrin. Kò sí obìnrin kankan. Bí ìdajì wọn ló jẹ́ bọ̀rọ̀kìnní tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí nílé bàbá wọn.

Ibi tí wọ́n dó sí gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù Spain ń bà wọ́n, kọ́ńpìnnì sì ti ní kí wọ́n wọnú odò lọ dáadáa. Wọ́n rí ilẹ̀ kan tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po, odò ibẹ̀ jìn débi pé wọ́n lè so ọkọ̀ mọ́ igi etí bèbè. Inú wọn dùn, pàápàá torí pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Èmi tí mo bá rí ilẹ̀ etí odò tí ẹnikẹ́ni ò gbé, mo máa kọ́kọ́ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ohun tó lé wọn. Irà ni, kò sí ìsun omi, ẹ̀fọn pọ̀ bí ìràwọ̀. Nígbà tí Newport fi máa gbé oúnjẹ padà dé ní oṣù Kìíní 1608, àwọn 38 ló bá láàyè. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni iná jó odi wọn.

Òótọ́Korò
Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má bá wọn wá àwáwí. Ọ̀lẹ ni wọ́n! John Smith tó bá wọn gbé ló sọ ọ́. Ìgbà tó di olórí wọn lóṣù Kẹsàn-án 1608, ó pàṣẹ pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Inú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà ló ti fà á yọ. Kíá ni nǹkan yí padà. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n tún odi ṣe, wọ́n roko bí 30 sí 40 éékà, abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta sì bí títí wọ́n fi lé ní 60. Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ ló yí padà ni?

Kí ni wọ́n ń ṣe kó tó dé ipò? Wọ́n ń wa erùpẹ̀. Wọ́n di erùpẹ̀ tó ń dán sínú ọkọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí London pé wúrà ni. Erùpẹ̀ lásán!

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Òótọ́Korò, ọmọ mi, ṣé o ti dáko rí?

Mo bi ọ́ ni. Ẹni tó gúnlẹ̀ lóṣù Karùn-ún, tí kò tíì ṣán igbó, tí kò tíì gé igi, tí ọfà sì ń wọlé bá a kó tó mọ odi tán, ìgbà wo ló fẹ́ fi irúgbìn sílẹ̀? Ká tiẹ̀ ní ó fi í sílẹ̀, òjò ńkọ́? Àwọn onímọ̀ yẹ àwọn igi cypress àtijọ́ wò lágbègbè yẹn. Igi máa ń fi òrùka kan kún inú ara rẹ̀ lọ́dọọdún, ọdún tí òjò bá wọ́n, òrùka ọdún yẹn á tín-ín-rín. Èsì tó jáde ní 1998 ni pé láti 1606 dé 1612 ni ọ̀dá tó le jù níbẹ̀ láàárín ọdún 770. Bí wọ́n ṣe ń ti ẹsẹ̀ bọ ilẹ̀ yẹn ni òjò ń ká ẹsẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, àwọn onílẹ̀ gan-an ò ní àgbàdo tó pọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ tà fún àlejò? Ọdún tí ọ̀dá bá dá níhìn-ín, ẹ ṣáà mọ ohun tí kóńgò gàrí kan máa ń di.

Ti Smith tí o sì ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn, èmi náà kà á. Nígbà ìrúwé 1609 tó ṣì wà lórí àlééfà, wọ́n ṣí àgbá àgbàdo, eku tó bá ọkọ̀ wọn wá láti ìlú òyìnbó ti jẹ ẹ́, èyí tí eku ò jẹ ti rà. Ó ní láti pín àwọn èèyàn rẹ̀ káàkiri. Àwọn kan lọ ń ṣa ìṣáwùrú jẹ létí omi, àwọn kan lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ìyẹn náà, ọ̀lẹ ni?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Bàbá Àgbẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá o. Mo jókòó.

Ìyá Ìbejì, Newport News
Ẹ kú àṣálẹ́ o, gbogbo ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí, ibi tí mò ń gbé kò jìnnà sí Jamestown, mo ti kó àwọn ìbejì lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Omi tí wọ́n ń mu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Odò James yẹn, bí òkun bá kún, á ti omi iyọ̀ wọ inú rẹ̀. George Percy, ọ̀kan nínú wọn tó kọ ìwé, sọ ọ́ gbangba: bí omi bá kún, iyọ̀, bí omi bá fà, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ò ṣàn lọ, ó ń yí lọ yí bọ̀ níwájú wọn, wọ́n sì tún ń bù ú mu. Ọ̀rìn, ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ẹni tó bá ń mu iyọ̀ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ á máa wú, á máa rẹ̀ ẹ́, orí rẹ̀ á máa dàrú, á kàn jókòó sójú kan. Ẹni tó ń wò ó lókèèrè á ní ọ̀lẹ ni. Mo máa ń rò ó pé ìdajì ọ̀lẹ tí Smith rí, àìsàn ni.

Ohun kejì. Gbogbo èèyàn ló ti gbà tẹ́lẹ̀ pé odò ti gbé ojú ibi tí odi yẹn wà lọ. Lọ́dún 1994, awalẹ̀pìtàn kan, William Kelso, bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀, ó bá ojú òpó odi náà nínú ilẹ̀, igun mẹ́ta ni. Ní 2012, wọ́n rí egungun ọmọbìnrin kan nínú àjàalẹ̀, láàárín egungun ẹṣin àti ti ajá tí wọ́n pa jẹ. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá. Àpá ọ̀bẹ wà níwájú orí rẹ̀ àti lẹ́yìn orí. Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n bá ń pè é ní Jane. Agbárí rẹ̀ wà nínú gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Kẹ́hìndé bi mí pé ta ló gé e. Mo ní kó jẹ́ ká lọ wo ọkọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Hẹ̀ẹ́! Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ ni?

Ìyá Ìbejì, Newport News
Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti kú kí wọ́n tó gé e, ohun tí àwọn onímọ̀ egungun sọ nìyẹn.

Tíṣà Àgbà
Ìgbà òtútù 1609 wọ 1610 nìyẹn. Ìyàn tó mú nígbà náà ló mú kí Percy kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: wọ́n jẹ ẹṣin tán, wọ́n jẹ ajá, ológbò, eku, ejò, wọ́n se awọ bàtà. Ó tún sọ ti ọkùnrin kan tó pa ìyàwó rẹ̀ tó lóyún, tó fiyọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní àsọdùn ni títí wọ́n fi rí Jane. Àwọn bí 300 ló wọnú ìgbà òtútù yẹn ní Jamestown, àwọn bí 60 ló jáde.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn náà kò ṣẹlẹ̀ ní Virginia rárá. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló gbéra ní ìlú òyìnbó lọ́dún 1609 láti lọ gba Jamestown sílẹ̀. Ìjì kọlù wọ́n lójú òkun. Sea Venture, ọkọ̀ tó gbé àwọn olórí, Thomas Gates pẹ̀lú wọn, fọ́ mọ́ àpáta Bermuda lóṣù Keje. Àwọn 150 inú rẹ̀ yọ láìkú ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Ẹlẹ́dẹ̀ igbó, alábahun òkun, ẹyẹ tí kò sá féèyàn. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n fi igi ibẹ̀ àti àwókù ọkọ̀ kan ọkọ̀ kékeré méjì, Deliverance àti Patience, wọ́n sì ń bọ̀ lóṣù Karùn-ún 1610, wọ́n rò pé ìrọ̀rùn làwọn ń lọ bá. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì ló wá ń bu oúnjẹ fún ẹni tó gúnlẹ̀ láyọ̀.

Oúnjẹ yẹn ò lè tó gbogbo wọn. Gates ní kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Àwọn kan fẹ́ dáná sun odi náà, kò gbà. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹfà 1610 ni wọ́n wọkọ̀, wọ́n ń lọ sílé. Lójú odò níbẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ọkọ̀ ìránṣẹ́ Lord De La Warr, gómìnà tuntun tó ń bọ̀ pẹ̀lú èèyàn àti oúnjẹ. Wọ́n yí padà tipátipá. Ká ní wọ́n tètè gbéra lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ni, bóyá Jamestown ì bá ti wà lára àwọn ibùdó tó parẹ́.

Òótọ́Korò
Mo gbọ́ ti omi, mo gbọ́ ti ọ̀dá. Bàbá Àgbẹ̀, ẹ má bínú, n ò dáko rí lóòótọ́, Ìkẹjà ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí yẹ ọ̀rọ̀ yín wò. Odi kékeré kan wà lẹ́nu odò, ní Point Comfort, Algernon lorúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n. Percy lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìyàn, ó bá wọn, ara wọn ń dán. Akàn ni wọ́n fi ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀! Ọ̀dá kan náà, òkun kan náà, ọdún kan náà. Kí ló dé tí àwọn ará Jamestown ò lọ ṣa akàn?

Ọmọ Onílẹ̀
Nítorí pé ẹni tó bá jáde nínú odi, kì í padà wọlé.

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé orí ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n dó sí. Ilẹ̀ àwọn Paspahegh ni. Àwọn Paspahegh sì wà lábẹ́ Wahunsenacawh, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Powhatan. Ìlú tó ń sìn ín lé ní 30. Tsenacommacah ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ náà.

Ọmọ Yorùbá ló yẹ kó tètè yé ohun tí ọkùnrin yẹn ń ṣe. Àlejò dé, wọ́n dó sórí ilẹ̀ láìgbàṣẹ, wọ́n ní ìbọn àti bàbà. Ó ní kí wọ́n mú Smith wá lóṣù Kejìlá 1607. Wọ́n ṣe oríṣiríṣi ètò lé e lórí. (Ti ọmọbìnrin rẹ̀ Pocahontas tó gbà á lọ́wọ́ ikú, Smith nìkan ló rò ó, ó sì pẹ́ gan-an kó tó rò ó.) Ó wá ní kó lọ mú ìbọn ńlá méjì àti ọlọ kan wá, òun á fún un nílẹ̀ Capahowasic, òun á sì kà á sí ọmọ. Kí nìyẹn bí kì í ṣe pé ó fi í jẹ baálẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀? Àlejò náà ò mọ̀ pé ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń bá òun sọ.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 1608. Kọ́ńpìnnì ní London rán adé bàbà sí i, pẹ̀lú ibùsùn àti aṣọ ìlékè pupa, wọ́n ní kí Newport lọ dé e ládé kó lè di ọba abẹ́ James. Ẹni tó ti jọba tipẹ́! Wọ́n ní kó kúnlẹ̀, kò kúnlẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò kúnlẹ̀. Ìgbà tó pẹ́, wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó tẹ̀ díẹ̀, wọ́n yára gbé adé lé e lórí. Òun náà wá bọ́ bàtà rẹ̀ tó ti gbó àti aṣọ ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n mú un fún Newport. Ẹ̀bùn rèé, ẹ padà sílé.

Àárín wọn wá bàjẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jó abúlé, wọ́n ń fi ìbọn gba àgbàdo lọ́dún ọ̀dá. Nígbà ìwọ́wé 1609 ni Wahunsenacawh pinnu pé kí wọ́n má ta oúnjẹ fún wọn mọ́, kí wọ́n sì sé odi mọ́ wọn. John Ratcliffe, ọ̀kan nínú àwọn olórí Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn èèyàn lọ ra àgbàdo, wọ́n pa á. Francis West gba àgbàdo kún ọkọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Patawomeck, dípò kó gbé e padà sí Jamestown, òun àtàwọn tó bá a lọ wakọ̀ gba ìlú òyìnbó lọ! Òótọ́Korò, inú ọkọ̀ wo ni wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ ṣa akàn?

Òótọ́Korò
Ẹni tó gbé oúnjẹ sá yẹn… ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bá mi wí. Ṣùgbọ́n ìyẹn fi hàn pé ìwà wọn náà wà níbẹ̀. Mo gba mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo mú ìkẹrin dání.

Ṣadé Ìbàdàn
Ẹ jọ̀ọ́, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó débẹ̀ lọ́dún 1619 ńkọ́? Mo ti gbọ́ tẹ́nì kan ń sọ pé ọmọ Yorùbá ni wọ́n.

Tíṣà Àgbà
Rárá o, Ṣadé. Àwọn 20 àti díẹ̀ tí ọkọ̀ White Lion gbé dé Point Comfort lóṣù Kẹjọ 1619, láti Angola ni wọ́n ti wá, ogun ìjọba Ndongo ló sì kó ọ̀pọ̀ wọn. Inú ọkọ̀ Pọtogí tó ń kó wọn lọ sí Mexico ni wọ́n ti já wọn gbà. Wọ́n fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ oúnjẹ.

Tábà ló mú kí wọ́n máa wá apá tó máa roko. Bí 1612 ni John Rolfe, ẹni tó wà lára àwọn tí ọkọ̀ wọn fọ́ ní Bermuda, gbin irúgbìn tábà tó wá láti apá Caribbean. Ó tà ní London. Òun náà ló fẹ́ Pocahontas ní 1614, obìnrin náà sì kú sí Gravesend ní 1617. Láti ìgbà náà, ẹ ò rí ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo mọ́, tábà ni títí dé ojú pópó. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ roko rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tálákà tó fi ọdún mélòó kan sìn nítorí owó ọkọ̀, ó jọ ìwọ̀fà tiwa. Tábà ń jẹ ilẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ síwájú sórí ilẹ̀ onílẹ̀, títí Opechancanough, olórí àwọn onílẹ̀, fi kọlù wọ́n lóṣù Kẹta 1622, tó pa 347 lọ́jọ́ kan. Ní 1624, ọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì. Àwọn tó dájọ ò rí èrè tí wọ́n ń retí.

Bàbá Fadékẹ́mi
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo kà gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ti pa "ọ̀lẹ ni wọ́n" rẹ́, ó kọ omi, ọ̀dá, ogun, ó sì fi ọ̀lẹ sí ìkẹrin (Òótọ́Korò, o ti ní ọmọ ẹ̀yìn). Ó ní kí n bi yín, ta ló kó ẹlẹ́dẹ̀ dé Bermuda? Ó tún ní òun fẹ́ lọ wo ibẹ̀ fúnra òun.

Tíṣà Àgbà
Àwọn atukọ̀ tó ti kọjá níbẹ̀ ṣáájú ló fi wọ́n sílẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ò nílò ìwé àṣẹ ọba kó tó tẹ ìlú dó.

Ìyá Ìbejì, Newport News
Ẹ mú un wá, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó máa bọ̀, ọ̀dọ̀ mi lẹ máa sùn. Ibi méjì ló wà o, ẹ má ṣìnà: ibi tí odi wà gan-an wà lọ́tọ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ mẹ́ta yẹn ní àfijọ wà lọ́tọ̀. Ẹ lọ sí méjèèjì. Tó bá jẹ́ ìgbà ooru ni, ẹ ra oògùn ẹ̀fọn dání, kí ẹ sì gbé omi mímu tiyín lọ́wọ́.